Ikùn Tí A Fi Bọ́tà Rẹ́

"Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ibí yìí tán ni?"

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù tó lè dá Ràhámátù lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ kéèkì náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Lápá òsì, nísàlẹ̀ ibi tí ó fẹ́ fi ìdodo sí, bọ́tà ti tún wú. Kò tóbi ju ẹ̀kúrọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí ó fi ẹ̀yìn ṣíbí gbígbóná pa ibẹ̀ lójú, tí ó dán bí èèpo ẹyin.

Kéèkì ọ̀hún kì í ṣe kéèkì lásán. Ikùn aboyún ni. Odidi ikùn, roboto, tó yọ síwájú bí igbá tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, tí a fi bọ́tà aláwọ̀ ara ènìyàn bò. Màríámù, àbúrò Ràhámátù, ló ni ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ gé e ní àgbàlá bàbá wọn ní Ìjẹmọ̀, níbi àpèjọ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní bébì-ṣáwà, èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún aboyún kí ọmọ tó dé.

Àdìgbẹ, ní Abẹ́òkúta, ni ṣọ́ọ̀bù Ràhámátù wà. Ẹni tó bá mọ Àdìgbẹ látijọ́ á rántí pé oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti àpáta dúdú tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó lé tí wọ́n bá ti oko dé, tí ooru oòrùn á ṣì wà lára rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ilé ti gbà á báyìí. Ilé epo, ilé ìfọṣọ, ilé ìdirun, gbogbo rẹ̀ fara ti ara wọn lójú títì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí iná ọba bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìdákẹ́rọ́rọ́ oko àtijọ́ á tún padà wá jókòó sáàárín ilé. Irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yẹn.

Kéèkì onígun mẹ́rin kò le. Irin gígùn á dúró lé etí rẹ̀, ẹ ó fà á lọ tàrà. Èyí tó bá rí roboto kò ní etí. Bí Ràhámátù ṣe máa ń ṣe é nìyí: á kọ́kọ́ fi bọ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú ẹ̀rúnrún kéèkì mọ́lẹ̀, á gbé e sí fíríìjì kó le. Lẹ́yìn náà ni á fi èyí tó nípọn bò ó. Á wá mú ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gé lára èèpo fáìlì, á tẹ̀ ẹ́ bí ọrun mọ́ ẹ̀gbẹ́ kéèkì, ọwọ́ òsì á máa yí àwo abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò sì gbọdọ̀ gbọ̀n. Ní ìparí, á ki ṣíbí bọ omi gbígbóná, á nù ún gbẹ, á wá rọra fi ẹ̀yìn rẹ̀ pa gbogbo ara kéèkì bí ìyá tó ń fi òrí pa ọmọ.

Ó ti ṣe gbogbo ìyẹn. Ó sì mọ ohun tó ń jẹ́ wíwú. Afẹ́fẹ́ ló máa ń há sábẹ́ bọ́tà, tí ooru bá mú un á máa wá ọ̀nà jáde. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún un. Afẹ́fẹ́ á jáde, wọ́n á rẹ́ ojú rẹ̀ padà, ó parí.

Ràhámátù yọ abẹ́rẹ́ lára gèlè tó so mọ́ ìṣó, ó fi iná ìṣáná jó ẹnu rẹ̀. Ó nà án sí ibi tó wú náà.

Abẹ́rẹ́ kò tíì kan bọ́tà tí ibẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Ó fà sẹ́yìn wẹ́rẹ́, bí ìgbín tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Ràhámátù dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Bí ó ti ń wò, bọ́tà yọ ní ibòmíràn, lókè díẹ̀, lápá ọ̀tún ìdodo. Ó wú, ó sinmi, ó tún wú.

"Aúsù bíláì," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sára gèlè.

Fóònù rẹ̀ dún, ó ta gìrì. Màríámù ni, ojú rẹ̀ kún gbogbo fóònù náà, ìdajì orí dídì, ìdajì tó kù ṣì dúró ṣánṣán.

"Àǹtí mi, ẹ fi hàn mí! Ẹ jẹ́ kí n rí i!"

"Kò tíì tán. Ta ló ń wo obì tí kò tíì là?"

"Ẹ̀yin náà ẹ! Ó dáa, ẹ tètè ṣe o, ẹni tó máa ya fọ́tò ti dé. Àǹtí mi, ọmọ yìí fẹ́ pa mí lónìí. Láti àárọ̀ ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Apá òsì nísàlẹ̀ níbí ló wà tẹ́lẹ̀, ó wá di... hùn-ún! Ó ti bọ́ sápá ọ̀tún. Sókè. Ẹ wò ó, ó ń ti aṣọ mi!" Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sójú rẹ̀.

Ràhámátù kò wo aṣọ Màríámù. Kéèkì ló ń wò.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Lọ jẹ́ kí wọ́n di orí ẹ tán."

Ohun tó yẹ kí ó bà á lẹ́rù kò tíì bà á lẹ́rù tó. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ gbà pé nǹkan mìíràn wà láyé. Iná kò sí, ooru ti ń mú, bọ́tà sì ti ń rọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ ní ìdí kéèkì. Ó ní láti wá nǹkan dì í kí ríbọ́ọ̀nù tó dé orí rẹ̀. Ó yí ojú ká, ó rí òwú funfun tó fi kọ́ ìṣó.

Òwú yìí ni òwú tó fi wọn Màríámù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màríámù wá sí ṣọ́ọ̀bù, tó jókòó lórí àga oníke, tó gbọ́wọ́ lé ikùn. "Àǹtí mi, mi ò fẹ́ kéèkì tó kàn jọ ikùn o. Ikùn tèmi gan-an ni mo fẹ́. Bó ṣe tóbi tó."

"Ṣé kò ní dáa ká jẹ́ kó dé ná? Ní ilé wa, a kì í ra bùbá sílẹ̀ de ọmọ. Màmá ò jẹ́ ká ra pinni nígbà oyún rẹ."

"Màmá ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ṣe é, ọmọ èwo nínú wọn ló kú?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ràhámátù ta ìka yí orí ká. "Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí aboyún ń sọ nìyẹn?"

Màríámù fi ọwọ́ pa ikùn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mo ti bá gbogbo èèyàn yọ̀, Àǹtí mi. Gbogbo ìkómọ, mo wà níbẹ̀. Mo gbé àwo, mo fọ àwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá èmi náà yọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ìgbà méjì ni oyún ti bọ́ lára ọmọ yìí. Ràhámátù wá téèpù rẹ̀ tì, ó já òwú tí ó fi ń di páálí kéèkì, ó fi yí ikùn àbúrò rẹ̀ ká, ó sì ta kókó sí i níbi tí orí méjèèjì ti pàdé kó má baà gbàgbé. Màríámù rọra ti òwú náà sísàlẹ̀, ó sì yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni yọ ẹsẹ̀ nínú tàkúté, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ni òwú tí Ràhámátù ti orí kéèkì bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé yìí. Ó bá ìdí rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ó fún un díẹ̀, ó ta kókó kejì sí i kó má baà tú. Lẹ́yìn náà ló ki ṣíbí bọ omi gbígbóná.

Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́tà gbọ́ràn. Ó pa á lójú láti òkè dé ìdí, kò sí ibi tó wú. Ó yí àwo lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ń retí. Kò sí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ó ṣe ń yọ̀ lójú omi tí atẹ́gùn kò kàn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe kéèkì, kò tíì rẹ́ èyí tó jọ̀lọ̀ tó báyìí rí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníkéèkì. Ṣé omi tútù wà?"

Ìyá Oníkòkò ni, tó ń ta ìkòkò àti ìṣaasùn lábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Abúlé kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ló ti ń wá. Olórìṣà ni wọ́n nílé wọn, ìlẹ̀kẹ̀ funfun kì í wọ́n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Iná ò sí, Màmá, ṣùgbọ́n ó ṣì tutù díẹ̀. Ẹ wọlé."

"Èmi ò ní wọlé, ẹ óò ní mo wá jí ṣúgà." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó wá dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. "Kí rè é?"

"Kéèkì ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé kéèkì ni. Ará oko ni mí, n kò fọ́jú. Ikùn ta ni?"

"Ti Màríámù àbúrò mi. Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ gé e."

"Wọ́n fẹ́ gé e." Ìyá náà tún ọ̀rọ̀ náà wí bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ikùn ẹni tí kò tíì bí. Wọ́n á pín in jẹ."

"Eré ni, Màmá. Fúláwà àti bọ́tà ni."

"Amọ̀ náà, erùpẹ̀ àti omi ni." Kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Mo ti rẹ́ ikùn ìkòkò títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Nígbà tó bá ṣì tutù, á máa mí sí ọ lọ́wọ́. O ò ní rí i, ọwọ́ rẹ á mọ̀. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, ó ti di ohun tí iná ń jó nìyẹn." Ó na ẹnu sí kéèkì. "Èyí dákẹ́. Okùn wo ló wà nídìí rẹ̀?"

"Òwú tí mo fi wọ̀n ọ́n ni."

"Tí o fi wọn kéèkì?"

"Tí mo fi wọn Màríámù."

Ìyá Oníkòkò kò gba ife omi tí Ràhámátù nà sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ tó wà nínú ilé padà síta. "Ọmọ mi, ìkòkò nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀rù ló kàn bà mí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí irin kankan sún mọ́ nǹkan yẹn."

Ó lọ jókòó ti ìkòkò rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù.

Ràhámátù tẹ fóònù. Ó dún títí kí Màríámù tó gbé e.

"Àǹtí mi, wọ́n ń kun ojú mi lọ́wọ́."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wo? Hẹn-ẹn. Ó ti sùn, a dúpẹ́. Ó jẹ́ kí n ráyè."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò pẹ́ tá a sọ̀rọ̀ tán. Ó ta pútú lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó wá dákẹ́. Kí ló dé?"

"Mu mínírà tútù, kí o fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀."

"Mo ti mu ún. Ilé yìí gbóná." Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Kò mira."

"Gba ilé ìwòsàn lọ báyìí, Màríámù."

"Hábà, Àǹtí mi! Pẹ̀lú ojú kíkùn yìí? Àwọn èèyàn ti ń jókòó!"

Abdulbaqi, ọkọ rẹ̀, ló gba fóònù. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún Ràhámátù, ṣùgbọ́n ó ti náwó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó ọkàn rẹ̀ sókè. A máa rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Abdulbaqi, lónìí ni."

"Nítorí kí ni? Kí lẹ rí?"

Ràhámátù wo kéèkì tó ń dán níwájú rẹ̀. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ooru ti mú un lórí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bínú, ìṣẹ́jú á sì máa lọ.

"Kéèkì ti bàjẹ́," ó wí. "Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ yángá. Kò sí kéèkì, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gé. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n máa jẹun, kí o gbé ìyàwó rẹ sínú ọkọ̀."

Ó gbọ́ igbe Màríámù kí fóònù tó dé ọwọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀! Ẹ ò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀! Inú yín ò dùn sí i pé kí n yọ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Ràhámátù gbé e mì. "Sọ èyí tó bá wù ọ́. Ẹ̀yìn mi lo gbé kí o tó mọ orúkọ mi. Lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan, kí o wá bú mi lójú gbogbo Ìjẹmọ̀, màá kúnlẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣé o gbọ́? Màá kúnlẹ̀."

Màríámù ń sunkún. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹkún rẹ̀, Ràhámátù gbọ́ tó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Báqì, kò mira lóòótọ́."

Ràhámátù ju fóònù sílẹ̀, ó dojú kọ kókó òwú náà. Bọ́tà ti wọ inú rẹ̀, ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ṣe ń fà á ló ń le sí i. Ó na ọwọ́ sí ọ̀bẹ, ó rántí, ó fi í sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbé ẹnu lé ìdí kéèkì, ó fi eyín he òwú náà, ó gé e. Bọ́tà kún ètè àti imú rẹ̀. Nígbà tí òwú já, ó gbọ́ ohùn kan, fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá mí èémí tó ti pa mọ́ra tipẹ́. Ó lè jẹ́ èémí tirẹ̀. Kò dúró wádìí. Ó da ọpọ́n ńlá bo kéèkì, ó ti ilẹ̀kùn, ó dá ọ̀kadà dúró.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ikùn Màríámù, ó tẹ́tí, ó sún un, ó tún tẹ́tí. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ wá lónìí?" ó bèèrè. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti ń sáré pe dókítà.

Ọ̀bẹ gé ikùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní wákàtí tí wọ́n ti dá fún kéèkì gẹ́lẹ́.

Ràhámátù àti Abdulbaqi wà lórí bẹ́ǹṣì lóde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn, títí wọ́n fi gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun, ẹkún tó há bí ohùn arúgbó. Abdulbaqi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ń nu ojú. "Ọkùnrin ni. Ìwọ́ rẹ̀ ló wé mọ́ ọn lọ́rùn. Dókítà ní ó ti fún un tẹ́lẹ̀, ó kàn dẹ̀ díẹ̀ kí a tó débẹ̀ ni. Ẹ dúpẹ́ o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràhámátù ṣí ọpọ́n. Kéèkì ti wọlẹ̀. Kò fọ́, kò là, àárín rẹ̀ kàn rọ̀ sílẹ̀, bọ́tà rẹ̀ hunjọ, bí ikùn abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Ẹni tó bá mọ ooru Abẹ́òkúta á ní ooru ni. Ó wá òwú tó fi eyín gé ní abẹ́ tábìlì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú àkísà. Kò rí i.

Ìyá Oníkòkò wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà láàyè, Màmá. Ìyá rẹ̀ náà wà láàyè."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n jọ gbé kéèkì lọ sẹ́yìn ilé, sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, Ìyá Oníkòkò fi àpáàdì ìkòkò gbẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi kó kéèkì sínú ihò náà. Kò sí ẹni tó lá ìka.

Nígbà tí Màríámù padà sí Ìjẹmọ̀, Ràhámátù lọ wẹ ọmọ fún un. Ó fi òrí pa á, láti orí dé ọrùn, láti ọrùn dé ẹ̀yìn. Màríámù fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́, ó ń wò wọ́n.

"Àǹtí mi, ẹ forí jì mí lórí ohun tí mo sọ."

"Kí lo sọ? Mi ò rántí."

"Kí ló tiẹ̀ ṣe kéèkì yẹn gan-an?"

Ràhámátù yí ọmọ náà dojú bolẹ̀ sórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí wọ́n fi ń di páálí. Lágbedeméjì ìlà náà, ojú kókó kékeré wà níbẹ̀. Méjì ni wọ́n, ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ ti èkejì.

Ó fi òrí kun ibẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ìka pa á lójú, jẹ́ẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fa aṣọ bò ó. Ọmọ náà ta ẹsẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́. Ó sinmi. Ó tún gbá a.

"Afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀," Ràhámátù wí. "Ó ti jáde."